Kọ́kọ́rọ́ Tó Wà Lọ́wọ́ Ìránṣẹ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àpèjọ ẹgbẹ́ wa sọ ní Ìlọrin)

    

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, bí gbólóhùn kan bá wọ́ lẹ́nu mi lónìí, ẹ má pè mí síwájú. Ẹgba tí ẹ nà wá nígbà yẹn ṣì tó mi lò.

Ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà àti ààbò. Mo mọ̀ pé bí a bá ti dárúkọ kọ̀ǹpútà báyìí, àwọn kan á ti máa wo aago, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa nìyẹn. Ẹ má ì tíì sùn. Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni mo bá wá, ọ̀rọ̀ àṣẹ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ẹni tó jẹ́ bọ́sà, ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé, ẹni tó ń darí ilé ìwòsàn, ẹni tó ń tajà ní Ọjà Ọba, gbogbo wa la ní ìránṣẹ́, gbogbo wa la sì ti fi kọ́kọ́rọ́ lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́ rí. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò ni pé, nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wa bá wà lọ́wọ́ ìránṣẹ́, tí ẹlòmíràn sì wá rán an níṣẹ́, ta ni yóò bi í pé, "Ta ló rán ọ, àṣẹ ta lo sì fi ń jẹ́ iṣẹ́ yìí?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Lára ohun tí a máa dìbò lé lórí lọ́la ni pé kí a gbé ìwé orúkọ ẹgbẹ́, owó ọdọọdún àti owó ìrànlọ́wọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò lòdì sí i. Ìwé ńlá tó wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa, ikán ti bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ṣùgbọ́n kí a tó nawọ́ sókè, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ń nawọ́ sí.

Ìránṣẹ́ ayé tuntun

Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọ́fíìsì wa, èèyàn ló ń gbé ètò tuntun káàkiri. Wọ́n á kó o sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á wọ mọ́tò, wọ́n á fi sínú kọ̀ǹpútà ní Ọ̀fà lónìí, ní Òmù-Àrán lọ́la, ní Lafiagi lọ́tunla. Bí ètò bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, a mọ ẹni tó gbé e wá, a mọ ilé bàbá rẹ̀.

Lóde òní, ètò ló ń gbé ètò. Ọmọ kan jókòó sí Tanke, ó yí ìlà kan padà nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣẹ́ kan á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á dán an wò, á dì í bí ẹní di ẹrù, á sì gbé e lọ sórí àwọn sáfà, ìyẹn àwọn kọ̀ǹpútà tí kì í sùn tó ń dá gbogbo wa lóhùn nígbà tí a bá tẹ fóònù. Yálà sáfà náà wà ní Èkó tàbí ó wà lókè òkun, iṣẹ́jú díẹ̀ ti tó. Bẹ́ẹ̀ ni ètò bánkì tó wà lórí fóònù yín ṣe ń yí padà tí ẹ kò mọ̀.

Irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀. Jenkins wà, GitHub Actions wà, Travis CI àti CircleCI wà. Jenkins ni mo fẹ́ mú, nítorí ó ti pẹ́, ó sì gbajúmọ̀. Ọmọ Jàpáánù kan, Kohsuke Kawaguchi, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Hudson ni wọ́n ń pè é kí wọ́n tó sọ ọ́ ní Jenkins lọ́dún 2011. Ẹ wò ó, àwòrán ìránṣẹ́ ilé olówó tó wọ kóòtù ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n kọ́.

Kí ọmọ ọ̀dọ̀ yìí tó lè jẹ́ iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ ibi tí wọ́n ń kó iṣẹ́ pamọ́ sí, kọ́kọ́rọ́ sáfà, kọ́kọ́rọ́ ibi tí orúkọ àti owó àwọn oníbàárà wà. Nígbà tó bá fi máa pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á ti ju ti ọ̀gá pátápátá lọ. Ọ̀gá ń lọ sinmi, ìránṣẹ́ kì í sinmi. Ọ̀gá ń fura, ìránṣẹ́ kì í fura.

Ìbéèrè méjì tí a kò gbọ́dọ̀ pa pọ̀

Ẹ rántí ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ géètì ilé ìwé wa. Ìbéèrè méjì ló máa ń bi wá. Èkíní, "Ta ni ọ́?" Yunifọ́ọ̀mù wa á dáhùn ìyẹn. Èkejì, "Ìwé àṣẹ ìjáde rẹ dà?" Yunifọ́ọ̀mù kò lè dáhùn ìyẹn o. O lè jẹ́ ojúlówó akẹ́kọ̀ọ́, kí o máà ní àṣẹ láti jáde lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kò tíì sọ pé kó o kọjá.

Àwọn bàbá wa mọ ìyàtọ̀ yìí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìlàrí ni Aláàfin máa ń rán. Wọ́n á fá apá kan orí rẹ̀, wọ́n á dá apá kejì sí, kí ẹnikẹ́ni tó bá rí i lọ́nà lè mọ̀ pé ìránṣẹ́ ọba ni. Orí tí wọ́n fá yẹn, "ta ni ọ́" ló dáhùn. Kò sọ pé kí ìlàrí máa mú ewúrẹ́ ẹni ẹlẹ́ni bó ṣe ń lọ.

Ẹ sì rántí ọ̀rọ̀ àwọn àjẹlẹ̀. Ìlọrin ní àjẹlẹ̀ tirẹ̀ nígbà náà, Ìbàdàn náà ní. Àwọn àjẹlẹ̀ Ìbàdàn ní ilẹ̀ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, agbára Ìbàdàn ni wọ́n gbé dání, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn fi agbára náà wá oúnjẹ sínú ara wọn. Ìwà wọn wà lára ohun tó bí ogun Kírìjì, tí kò tán títí wọ́n fi tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà lọ́dún 1886. Àṣẹ tòótọ́ ni wọ́n gbé dání. Ohun tí wọ́n fi ṣe ni kò sẹ́ni tó rán wọn.

Bọ́tìnì "dán an wò"

Ẹ jẹ́ kí n wá fi Jenkins ṣàlàyé àbùkù tí mo ń sọ. Nínú Jenkins, àpótí kan ni wọ́n ń kó kọ́kọ́rọ́ sí, kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní àmì tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kì í rí kọ́kọ́rọ́ gan-an; àmì rẹ̀ ló máa dá, á ní, "Èyí ni kó o lò." Ètò náà dára. Ẹni tí kò rí kọ́kọ́rọ́ kò lè dà á kọ.

Ṣùgbọ́n Jenkins ní àwọn àfikún tó pọ̀ lọ súà, oríṣiríṣi èèyàn káàkiri ayé ló kọ wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ní bọ́tìnì kan tí a fi ń dán ìsopọ̀ wò. Wàá kọ àdírẹ́sì síbẹ̀, wàá yan àmì kọ́kọ́rọ́, ìránṣẹ́ á gbé kọ́kọ́rọ́ náà lọ síbẹ̀ láti wò ó bóyá ilẹ̀kùn á ṣí. Láti ọdún pípẹ́ ni àwọn tó ń bójú tó Jenkins ti ń kéde àbùkù kan náà, lónìí nínú àfikún yìí, lọ́la nínú ìyẹn: ìránṣẹ́ kì í béèrè bóyá ẹni tó tẹ bọ́tìnì ní àṣẹ lórí kọ́kọ́rọ́ tó yàn.

Ẹ gbọ́ bí olè ṣe ń lò ó. Ẹnì kan wà tí wọ́n kàn gbà láyè pé kó wọlé wá wòran. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan nǹkan kan. Ó ti gbọ́ àmì kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá níbìkan. Ó wá kọ àdírẹ́sì ilé ara rẹ̀ síbẹ̀, ó yan àmì kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá, ó ní, "Lọ dán an wò." Ìránṣẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́, ó di ilé olè, ó kan ilẹ̀kùn, ó na kọ́kọ́rọ́ síwájú. Olè wò ó, ó dà á kọ, ó ní, "O ṣeun, máa lọ." Kò fọ́ àpótí. Kò gé páànù. Ọmọ ọ̀dọ̀ onílé ló rán níṣẹ́.

Àbí ẹ rí i? Ìránṣẹ́ yẹn kò purọ́, kò jalè, kò ṣàìgbọràn. Ìgbọràn rẹ̀ gan-an ni àbùkù rẹ̀. Ohun tí wọ́n gbàgbé láti kọ sínú rẹ̀ kò ju ìbéèrè kan ṣoṣo lọ.

Ẹ má rò pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1988, Norm Hardy, ará Amẹ́ríkà, kọ ìwé kúkurú kan lórí irú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ń ta àkókò orí kọ̀ǹpútà fún àwọn oníbàárà. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà náà tó ń bá wọn tú iṣẹ́ wọn sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Wọ́n fún ètò yìí ní àṣẹ láti kọ nǹkan sínú yàrá kan, kó lè máa kọ bí wọ́n ṣe ń lò ó sílẹ̀. Yàrá yẹn kan náà ni fáìlì gbèsè àwọn oníbàárà wà. Oníbàárà kan wá sọ fún ètò náà pé kó kọ èsì iṣẹ́ òun sínú fáìlì kan, orúkọ fáìlì gbèsè ló sì dá. Oníbàárà kò ní àṣẹ láti fọwọ́ kan fáìlì yẹn. Ètò ní in. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kọ ọ́ lé e, àkọsílẹ̀ gbèsè sì parẹ́. Hardy ní aṣojú tí nǹkan dàrú mọ́ lójú ni irú ìránṣẹ́ bẹ́ẹ̀: àṣẹ méjì ló gbé dání, ti ara rẹ̀ àti ti ẹni tó rán an, kò sì mọ èyí tí òun ń lò.

Ohun tí ojú ayé ti rí

Ẹ jẹ́ kí n mú méjì wá láti òkè òkun kí n tó bọ̀ wálé.

Àkọ́kọ́ ni Travis CI. Ẹnikẹ́ni lè da iṣẹ́ tó wà ní gbangba kọ, kó tún un ṣe, kó sì dá a padà fún onítọ̀hún pé, "Ẹ wò ó, bóyá ẹ ó gbà á." Ìránṣẹ́ á dán àbá náà wò. Òfin ibẹ̀ ni pé nígbà tí ó bá ń dán iṣẹ́ àlejò wò, kọ́kọ́rọ́ onílé gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí. Láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, òfin yẹn kò ṣiṣẹ́. Ìránṣẹ́ ń fi kọ́kọ́rọ́ onílé dán iṣẹ́ àlejò wò, àlejò tó bá gbọ́n sì lè kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé kí ìránṣẹ́ pe kọ́kọ́rọ́ náà sókè. Felix Lange, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Ethereum, ló rí i, ó sì fi tó wọn létí lọ́jọ́ 7. Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ 10, ṣùgbọ́n inú bí àwọn tó ń lò ó, wọ́n ní ìkéde tí wọ́n ṣe kéré sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èkejì ni CircleCI. Lọ́jọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2022, kòkòrò wọ inú kọ̀ǹpútà alágbèéká òṣìṣẹ́ wọn kan. Òṣìṣẹ́ náà ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, ó ti fi ìjẹ́rìí kejì gbè é lẹ́sẹ̀. Olè kò wulẹ̀ wá ọ̀rọ̀ aṣínà kiri. Ẹ̀rí pé òṣìṣẹ́ náà ti wọlé ló gbé, ó sì fi wọlé bí ẹni pé òun ni. Òṣìṣẹ́ náà wà lára àwọn tó ní àṣẹ láti rọ kọ́kọ́rọ́ tuntun, olè bá rọ tirẹ̀. Lọ́jọ́ 22 oṣù kan náà, ó kó kọ́kọ́rọ́ àwọn oníbàárà lọ. Nígbà tó di ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2023, CircleCI ké sí gbogbo oníbàárà wọn pé kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n kó sọ́dọ̀ àwọn. Gbogbo rẹ̀ o. Ẹ fojú inú wo kí ẹnì kan kígbe láti Post Office dé Ọ̀kè-Ọdò pé kí gbogbo ilé pààrọ̀ àgádágodo kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó délé wàyí

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, èyí tó kàn yìí, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n jù. Ìdánwò JAMB ọdún 2025. Lọ́jọ́ 9 oṣù Karùn-ún ni èsì jáde. Nínú 1,955,069 tó ṣe é, àwọn tí kò tó 200 nínú 400 lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀. Ariwo sọ. Àwọn kan ní àwọn ọmọ ò kàwé mọ́. Lọ́jọ́ 14, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Ọlóyèdé, tó ti ṣe gíwá Yunifásítì Ìlọrin wa níhìn-ín láti 2007 sí 2012, jáde sí gbangba. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àṣìṣe ti ọ̀dọ̀ JAMB wá, ó tọrọ àforíjì, ó sì gba ẹ̀bi náà sọ́rùn ara rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀? JAMB ti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà da ìbéèrè àti ìdáhùn pọ̀ mọ́ra padà, wọ́n sì ti yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà máàkì padà. Ètò tuntun tó yẹ kó gbé ìyípadà yìí dé gbogbo sáfà, ó dé ọ̀wọ́ sáfà tí wọ́n ń pè ní Kàdúná, kò dé ọ̀wọ́ sáfà tí wọ́n ń pè ní Èkó, tó ń bójú tó Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ìjókòó ìdánwò mẹ́tàdínlógún kọjá kí wọ́n tó rí i. Ní Èkó, ibùdó 65 àti ọmọ 206,610; ní ilẹ̀ Ìgbò, ibùdó 92 àti ọmọ 173,387. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 379,997. Ọjọ́ 16 oṣù náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n padà láti tún un ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n là á kó yé wa: kò sí olè níbí. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Wọ́n rán iṣẹ́ sí ilé méjì, iṣẹ́ dé ilé kan, kò sì sẹ́ni tó lọ kan ilẹ̀kùn ilé kejì láti béèrè pé, "Ṣé ó dé ọ̀dọ̀ yín?" Ìránṣẹ́ Hardy ṣe ju iṣẹ́ tí wọ́n rán an lọ, ìránṣẹ́ ti 2025 kò jẹ́ iṣẹ́ náà tán. Nínú méjèèjì, ọ̀gá gbọ́kàn lé e pé ó ti parí. Àwọn tí wọ́n sì fi ìyà rẹ̀ jẹ, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, mẹ́tàdínlógún ni, tí wọ́n ti ń sọ fún níbi oúnjẹ pé olódo ni wọ́n.

Ìkejì nílé ni ti NIN. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn oníròyìn FIJ gbé e jáde pé ojú òpó kan tó ń jẹ́ XpressVerify ń fi owó ta àlàyé nípa àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Paradigm Initiative ní àwọn rí òmíràn, AnyVerify, tó ń ta ti ẹni kọ̀ọ̀kan ní 100 náírà. 100 náírà! Kò ra àkàrà tó yó ọmọdé. NIMC ní kò sẹ́ni tó wọ ibi ìkópamọ́ àwọn. Mi ò jókòó níbí láti dá ẹjọ́ wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀ ni pé NIMC máa ń fún àwọn ilé-iṣẹ́ kan láṣẹ láti yẹ NIN wò, nítorí bánkì àti ilé-iṣẹ́ fóònù nílò rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tó kàn ń dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́" yàtọ̀ gédégbé sí kọ́kọ́rọ́ tó ń gbé àwòrán, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí jáde. Nígbà tí a bá ń pín kọ́kọ́rọ́ fún aṣojú, tí aṣojú náà sì ní aṣojú, ibo ni ìbéèrè "ta ló rán ọ" dúró sí?

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Mo ti fi ẹ̀rù bà yín tó. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ti àtúnṣe. Àtúnṣe náà kò le, sùúrù ló gbà.

Èkíní, kọ́kọ́rọ́ kan, ilẹ̀kùn kan. Ìránṣẹ́ tó ń lọ sí ilé ìdáná kò nílò kọ́kọ́rọ́ yàrá ìyá arúgbó. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe èèyàn, ìbáà ṣe ẹ̀rọ, ní kọ́kọ́rọ́ tó ṣí gbogbo ilẹ̀kùn nítorí pé ó rọrùn.

Èkejì, kí àṣẹ máa bá ẹni tó rán iṣẹ́ rìn. Nígbà tí ìránṣẹ́ bá fẹ́ lo kọ́kọ́rọ́, kó má wo àṣẹ tirẹ̀ nìkan, kó wo ti ẹni tó rán an.

Ẹ̀kẹta, kí kọ́kọ́rọ́ máa kú. Èyí tí a gé lónìí fún iṣẹ́ òní, kó máà ṣí nǹkan kan lọ́la. Bí òṣìṣẹ́ bá sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí a pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ náà, kó máà jẹ́ ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tó kọ ìwé owó máà jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí i. Ẹ̀yin bọ́sà, ẹ ti mọ ìyẹn kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ohun tó bójú mu nínú ìwé sọ̀wédowó bójú mu lórí sáfà.

Ẹ̀karùn-ún, kí àkọsílẹ̀ wà, kí ẹnì kan sì máa kà á. Iṣẹ́ tí a rán, ibi tó dé la fi ń mọ̀ pé ó jẹ́. Kì í ṣe ẹnu ìránṣẹ́.

Ẹ̀kẹfà, bí nǹkan bá bàjẹ́, ká sọ. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 fún ẹni tó ń tọ́jú dátà ní wákàtí 72 láti fi tó àjọ NDPC létí, bí ohun tó jò bá lè pa àwọn èèyàn lára. Ẹni tó bá fi ọgbẹ́ pamọ́, ọgbẹ́ náà á rùn.

Ọ̀rọ̀ ìdìbò ọ̀la

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ọ̀rọ̀ tiwa. Nínú ìwé orúkọ tí a fẹ́ gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe orúkọ nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn opó tí a ń fi owó ránṣẹ́ sí wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àkántì wọn. Àwọn ọmọ tí a ń san owó ilé ìwé wọn wà níbẹ̀. Bàbá ọmọ kan lè jókòó tì yín nísinsìnyí, kí ẹ jọ máa rẹ́rìn-ín, kí ẹ máà mọ̀ pé ẹgbẹ́ ló ń ran ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí a ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Àwọn tó dá owó náà sílẹ̀ ló ní kí ọwọ́ ọ̀tún máà mọ ohun tí ọwọ́ òsì ń ṣe, kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni. Bí ìwé yìí bá jò, owó tó bá sọnù, a lè dá òmíràn. Ojú tó bá ti ọmọ ẹgbẹ́ wa, kò sí owó tí a fi ń rà á padà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni tó nawọ́ sókè lọ́la, kó bi ìgbìmọ̀ ní nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ta ni kọ́kọ́rọ́ máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, mélòó sì ni wọ́n? Èkejì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ṣe ojú òpó náà fún wa, nígbà tó bá parí iṣẹ́ tí a sì san owó rẹ̀, ta ló máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lọ́jọ́ wo? Ẹ̀kẹta, ṣé ìwé orúkọ àwọn tí a ń ràn lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wà ní yàrá kan náà pẹ̀lú ìwé owó ọdọọdún? Èmi ò rí ìdí rẹ̀. Fáìlì gbèsè àti fáìlì ìṣirò tí wọ́n jọ wà ní yàrá kan náà ló dá wàhálà Hardy sílẹ̀.

Bí ìgbìmọ̀ bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi á kọ́kọ́ nawọ́. Bí wọn kò bá tíì ní ìdáhùn, kí a fún wọn ní oṣù mẹ́ta sí i. Ìwé ńlá wa ti fara da ikán láti ọdún yìí wá, kò ní kú láàárín oṣù mẹ́ta.

Àti ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìlọrin, ní Kwara Poly, tàbí lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Gáà Akanbi, ẹ bá mi bi wọ́n ní ìbéèrè kan nílé lálẹ́ òní: "Ètò tí o kọ yìí, bí ẹnì kan bá rán an níṣẹ́, ṣé ó máa béèrè ẹni tó rán òun?" Bí ọmọ náà bá dákẹ́, ẹ má bá a jà. Ìgbà tó bá ń ronú lórí rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe kọ́ wa.

Àwọn àgbà ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èrò àti làákàyè ni wọ́n fi ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn. Ẹ̀rọ tí a kọ́ kò ní làákàyè. Làákàyè tí a bá kọ sínú rẹ̀ nìkan ló máa lò. Èyí tí a bá gbàgbé, àwa la máa san án.

Ọlọ́run kó má fi wá lé ìránṣẹ́ tí kò mọ ẹni tó rán an lọ́wọ́. Kó bá wa ṣọ́ ilé, kó ṣọ́ ọ̀nà, kó tún kó gbogbo wa jọ lọ́dún tó ń bọ̀ láìdín ẹnì kan.